Bíréèkì Tó Ń Rọ̀ Nínú Ọkọ̀ Oníná

Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ mọ́tò nínú ẹgbẹ́ ni ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ kí ìrìn àjò ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ táyà àti eré àsápajúdé ni à ń sọ tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ oníná ni, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn kan ti ń ra tòkúnbọ̀ tó ń lo bátìrì nìkan, àwọn mìíràn sì ń ra èyí tó ń lo epo àti iná pọ̀. Ọkọ̀ náà dára, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n orí òkè ni Jos wà, ó tó 1,200 mítà sókè ìtẹ́jú òkun, ẹni tó bá sì gba ọ̀nà Akwanga lọ sílé, Hawan Kibo ni yóò bá sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí ọkọ̀ yìí ti yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà á di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì, ìyẹn ló sì ń dín eré ọkọ̀ kù. Páàdì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ìdí nìyí tó fi ń pẹ́. Inú olówó á dùn. Ṣùgbọ́n bíréèkì lè ti máa ṣàìsàn tipẹ́ kí awakọ̀ má mọ̀, torí kò lò ó tó láàárín ìgboro. Irin tí kálípà ń rìn lórí rẹ̀ á dípẹtà, á há. Ọ́ìlì bíréèkì ní tirẹ̀ kò wo iye ibi tí ọkọ̀ rìn dé. Yálà ẹ wà á tàbí ẹ kò wà á, ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́.

Omi yìí ni ọ̀tá. Ọ́ìlì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ tó ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 155°C péré ni a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ti DOT 3 jẹ́ 205 àti 140. Bí ó bá hó, èéfín á dé inú páìpù. Ọ́ìlì kò ṣe é tẹ̀ pọ̀, èéfín ṣe é tẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ yín á kàn máa wọlẹ̀ ni, ọkọ̀ kò sì ní dúró.

Bátìrì tó kún kò lè gba iná sí i. Ti ọkọ̀ elépo-àti-iná kéré, ó lè kún kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè. Oníná pátápátá tí ẹ bá fún níná kún dẹ́nu nítòsí òkè kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, páàdì àti ọ́ìlì tí ẹ ti gbàgbé láti ọdún mẹ́ta ni gbogbo ẹrù bọ́ sí lọ́rùn.

Báwo ni a ṣe ń mọ ohun tó fà á? Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tẹ pẹ́dàlì. Bí ó bá rọ̀, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta tó wá le, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń wà nínú páìpù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ó ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ó ń jò níbì kan, tàbí rọ́bà inú másítà bíréèkì ti jẹ. Ẹ wo ike ọ́ìlì. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìdí pẹ́dàlì bóyá ó tutù. Bí kò bá jò, páàdì lè ti tán. Èyí tó le nígbà tó tutù, tó wá rọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó sì tún le lẹ́yìn ìsinmi, ọ́ìlì tó ti gbó ni. Ẹ̀rọ kékeré bíi bírò wà tí a ń tì bọ inú ike láti mọ omi tó wà níbẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi bò fún yín pé nínú àwọn ọkọ̀ kan, kọ̀ǹpútà ló ń tẹ bíréèkì, ohun tí ẹsẹ̀ yín ń gbọ́ jẹ́ ti sípíríǹgì lásán. Irú èyí, ẹ̀rọ àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ òótọ́ rẹ̀.

Ní ti àtúnṣe, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ní ọdún 2 sí 3. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Irú DOT tí wọ́n kọ sórí ìdérí ni kí ẹ rà, nínú ike tí a kò tíì ṣí. Ẹni tó bá ní òun yóò fi omi ọṣẹ tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dí i, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń mú rọ́bà inú bíréèkì wú. Bí a bá ń lé afẹ́fẹ́ jáde, ike kò gbọdọ̀ gbẹ. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà tí pọ́ǹpù bíréèkì wọn ń dìde fúnra rẹ̀ bí a bá ṣí ilẹ̀kùn lásán, agbára rẹ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni a fi ń mú un sinmi kí a tó tú nọ́ọ̀tì. Ẹ̀yin ríwáyà, ẹ má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn láì kọ́ ọ.

Lójú ọ̀nà, ẹ dín eré kù kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láàárín rẹ̀. Ẹ lo gíà B bí ó bá wà. Àwọn awakọ̀ wa tó fẹ́ràn láti fi fíríì sọ̀kalẹ̀ nítorí owó epo, ẹ jọ̀wọ́, nínú ọkọ̀ oníná, fíríì ń mú ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ iná kúrò pátápátá. Bí pẹ́dàlì bá rì lórí ìrìn, ẹ máa pọ́ǹpù rẹ̀ kíákíá, ẹ má pa ọkọ̀, kí ẹ sì fa bíréèkì ìdúró. Èyí tó jẹ́ bọ́tìnnì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ dì í mú títí ọkọ̀ á fi dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun yẹ tirẹ̀ wò kí ó tó rin ìrìn àjò, kí ó rí wa lẹ́yìn ìpàdé, kí ó sì mú ìwé ọkọ̀ náà dání.