Owó Ìgò: Ta Ni Yóò Gbé Ẹrù Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìgò ni ọ̀rọ̀ tòní. Ìgò kò jọ ohun tí àgbà ń tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà kún, tí omi sì ya wọ ilé onílé, ìgbà náà ni a máa ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́.

Kí a fi ojú inú wo ìsọ̀ kan ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì yà sí ibẹ̀ láti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀kan ra ti inú ìgò gíláàsì, èkejì ra ti inú ìgò ike. Ìyá tí ń tajà kò jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ gbé ìgò lọ lásán: bí kò bá ní mu ún tán níbẹ̀, àfi kí ó fi owó ìgò sílẹ̀. Ẹni kejì gbé tirẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí ó pè é padà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìgò gíláàsì ti padà sínú kéréètì, ìgò ike sì ti wà nínú gọ́tà. Ọtí kan náà ni wọ́n mu, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń lọ. A kò lè sọ pé ọ̀kan mọ ìwà hù ju èkejì lọ. Owó ni ó ya ìgò méjèèjì sọ́tọ̀: owó dúró fún ọ̀kan, owó kankan kò dúró fún èkejì.

Ohun tí àríyànjiyàn wà lé lórí nìyí: ǹjẹ́ ó yẹ kí owó ìgò tí a mọ̀ mọ́ gíláàsì bọ́ sórí ìgò ike àti agolo pẹ̀lú?

Ètò owó ìgò kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí bíà Star ti jáde ní Èkó ní 1949, tí Coca-Cola sì tẹ̀ lé e ní 1953, inú ìgò tí ń lọ tí ń bọ̀ ni wọ́n ń ta ọtí sí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ International Breweries bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà Trophy ní Iléṣà ní 1978, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Ìgò gíláàsì ṣeé fọ̀, ó sì ṣeé rọ ọtí sí lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ilé iṣẹ́ kò fẹ́ kí ó ṣòfò. Ọkọ̀ tí ó gbé ẹ̀kún wá ni ó ń gbé òfìfo padà. Ẹni tí kò ní kéréètì àti ìgò nílẹ̀ kò lè di alágbàtà ọtí àfi bí ó bá kọ́kọ́ san owó wọn. Ọmọ tí a bá sì rán níṣẹ́ láti ra míníràà, òfìfo ni ó ń mú dání jáde nílé. Kò sí òfin ìjọba tí ó dá ètò yìí sílẹ̀. Èrè ni ó dá a sílẹ̀, èrè náà ni ó sì mú un dúró.

Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ni yóò tètè mọ ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ní àtijọ́, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí gbogbo Yorùbá mọ̀ sí òṣómàáló, a máa ta aṣọ láwìn káàkiri. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni owó ìgò ṣe ń lóṣòó ti ẹni tí ó mu ọtí. Kò bú u, kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n kò dìde títí ìgò yóò fi padà.

Ìgbà tí ìgò ike gbòde ni nǹkan yí padà. Ike fúyẹ́, kì í fọ́, ilé iṣẹ́ kò sì nílò láti kó òfìfo padà tàbí láti fọ̀ ọ́. Ìnáwó tí ó kúrò lọ́rùn ilé iṣẹ́ kò ṣàdédé pòórá. Ọrùn ìlú ni ó bọ́ sí. Ìlú ni ń gbá gọ́tà, ìlú ni ń kó àkìtàn, ìlú náà ni omi sì ń yà wọ ilé rẹ̀. Kò sí ará Ìbàdàn tí ó dàgbà tí yóò gbàgbé ẹ̀kún omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Ìgò ike kò tíì gbòde nígbà náà, síbẹ̀ pàǹtí tí ó dí ojú odò wà lára ohun tí ó fa jàǹbá náà. Ní Òṣogbo, odò Ọ̀ṣun ni àgbàrá ń wá lọ. Odò náà ni ó gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá, igbó tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní 2005. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ṣàn lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kì. Ohun tí a bá sọ nù sí Òkè-Baálẹ̀ lè di ìṣòro apẹja tí kò mọ Òṣogbo rí.

Àwọn tí ó fọwọ́ sí ìmọ̀ràn yìí ní ẹ̀rí tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ní orílẹ̀-èdè Lithuania, kí ètò owó ìgò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ìgò ike tí ń padà kò tó ìdajì. Nígbà tí yóò fi di ìparí 2017, ó ti kọjá 90 nínú 100. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò yí ìwà padà lọ́jọ́ kan. Owó ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún ìgò.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lòdì sí i kì í ṣe ọ̀tá ìmọ́tótó, ọ̀rọ̀ wọn sì gba àròjinlẹ̀. Àwọn ìyá alátẹ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn. Bí a bá fi ₦20 lé ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ra páàkì mẹ́wàá tí ìgò 12 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi ₦2,400 kún owó ọjà kí ó tó ta ẹyọ kan. Òun ni yóò wá ibi tí yóò kó òfìfo sí, òun ni yóò máa kà á, òun náà ni yóò sì máa bá oníbàárà jiyàn lórí ìgò tí ó ti fọ́n. Yorùbá ní alágbàtà ni í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Bí a bá di ẹrù tí kò lérè lé alágbàtà lórí, orí ọjà ni yóò sọ ọ́ kà. Ní Scotland pẹ̀lú, oṣù kẹjọ 2023 ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí, ṣùgbọ́n ìráhùn àwọn oníṣòwò, àti awuyewuye pẹ̀lú ìjọba London lórí bóyá kí gíláàsì wà nínú rẹ̀, mú kí wọ́n sún un síwájú.

Àwọn kan tún ń sọ pé ìgò ike kì í ṣe pàǹtí lásán láàárín wa. Òtítọ́ ni. Inú rẹ̀ ni alágbo ń rọ àgbo sí, inú rẹ̀ ni wọ́n ń ta epo pupa, àdín àti sóbò sí. Ẹni tí ó bá wù láti fi ìgò rẹ̀ rọ epo, owó tí ó fi sílẹ̀ ni yóò jẹ́ iye tí ó rà á. Kò sí ẹni tí yóò fi ipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ní tiwọn ń sọ pé àwọn ti ń ṣe ojúṣe àwọn. Ní 2013, àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ àti ọtí ńláńlá ní Nàìjíríà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Food and Beverage Recycling Alliance, láti ṣètò bí wọn yóò ṣe máa gba ike padà. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n orí ìwọ̀n kílò ni òwò ike wíwó dúró lé. Ike fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń ṣa á kiri ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ogójì ìgbà kí ìgò tó wọn kílò kan. Ibi tí ike bá pọ̀ sí ni yóò lọ. Ẹyọ kan tí ó há sínú gọ́tà kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Owó ìgò ni ó lè mú kí ẹyọ kan ṣoṣo níye lórí, kí ẹni tí ń ṣa á sì gba owó rẹ̀ ní kíkà dípò wíwọ̀n.

Nígbà náà, ibo ni ọ̀rọ̀ yóò já sí? Ó hàn gbangba pé owó ìgò ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ ni kókó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ní agbára díẹ̀ jù lọ, èyíinì ni ìyá tí ó pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà, ni a dì í lé, ètò náà yóò wó kí ó tó dìde. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti rí i ṣe, bí Norway, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó rọ ọtí sínú ìgò wà lára àwọn tí ó dá ètò náà sílẹ̀, tí wọ́n sì ń ná owó sí i. Ẹni tí ó bá gba òfìfo lọ́wọ́ oníbàárà a sì gba owó iṣẹ́ lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Owó ìgò tí kò padà a máa ran ètò náà lọ́wọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òfìfo yóò di ọjà fún ìyá alátẹ, kò ní jẹ́ ẹrù. Níbi tí ọkọ̀ ọtí ti ń kó kéréètì òfìfo padà tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí ó nira láti fi àpò ìgò ike kún un.

Ìkìlọ̀ kan kù, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ni ó sì ti wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe òfin owó ìgò ní Amẹ́ríkà, ní 1971: sẹ́ǹtì márùn-ún. Ogójì ọdún kọjá, sẹ́ǹtì márùn-ún kò ra ohun tí ó ń rà mọ́, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìgò nù. Òfin ti là á sílẹ̀ pé bí ìgò tí ń padà kò bá tó 80 nínú 100 fún ọdún méjì tẹ̀ léra, kí owó náà di ìlọ́po méjì. Ní 2014 àti 2015, kò tó. Ní oṣù kẹrin 2017, owó ìgò di sẹ́ǹtì mẹ́wàá, ìgò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹni tí ó bá mọ bí náírà ti ń ṣe yóò rí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Owó tí kò tó kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè lóṣòó ti ẹnikẹ́ni.

Kò sí ètò tí ó lè wo gbogbo àrùn sàn. Ọ̀rá omi, tí à ń pè ní píọ̀ wọ́tà, kéré jù láti fi owó dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n mìíràn ni yóò gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ọwọ́ kò tó òkè kí a má ká èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga, irú èyí tí ó wà ní Òkè-Baálẹ̀, jẹ́ ibi tí a lè ti dán an wò: ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tí ń tajà níbẹ̀ ṣeé kà, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì lè ka iye ìgò tí ó jáde àti iye tí ó padà, kí ìlú lè fi iye tòótọ́ jiyàn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé iṣẹ́ ní owó àti ọkọ̀, ìjọba ní òfin, ìyá alátẹ ní ìsọ̀, ẹni tí ń ṣa ike mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú. Bí olúkúlùkù bá gbé ìwọ̀n tí ó tó o, ẹrù náà kò ní wó ẹnikẹ́ni lọ́rùn, omi Ọ̀ṣun yóò sì rí ọ̀nà gbà.