Òkè Méje Ilẹ̀ Wa, àti Ìbéèrè Bóyá A Gùn Wọ́n Tán

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

Akọ̀wé ni ó ní kí a wá ròyìn iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, tí a sì mú wá sí òpin ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá yìí, èyíinì ni gígun òkè méje tí ó lókìkí nínú ilẹ̀ Yorùbá. Ì bá ṣe pé ìròyìn lásán ni, a kì bá tí pẹ́ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti dìde nínú Ẹgbẹ́, ẹni tí ó sì sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ó ní mẹ́fà ni a gùn, pé a kò dé ṣóńṣó ọ̀kan nínú méje náà, àti pé kò tọ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé Ẹgbẹ́ pé a ti parí. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ ìtàn náà kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́.

Ibi tí èrò yìí ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí ilé. Ọ̀kan nínú wa kàwé ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, níbi tí òkè pọ̀ tí òtútù sì pọ̀ ju òkè lọ. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìtàn Sir Hugh Munro, ẹni tí ó kó orúkọ gbogbo òkè ilẹ̀ náà tí ó ga ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ jọ, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1891. Lónìí 282 ni wọ́n kà wọ́n sí. Ó ti di àṣà láàrin àwọn ènìyàn ibẹ̀ pé kí ẹni kan máa gùn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó gba ogún ọdún, bí ó gba ọgbọ̀n ọdún, títí yóò fi gùn wọ́n tán. Munro fúnra rẹ̀ kò gùn wọ́n tán kí ó tó kú ní 1919. Àlùfáà kan tí a ń pè ní A. E. Robertson ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ ṣe é, ní 1901. Wọ́n ní nígbà tí ó dé orí èyí tí ó kẹ́yìn, òkìtì òkúta tí ó wà níbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fẹnu kò, kí ó tó wá fẹnu ko aya rẹ̀. Àwọn ìyá tí ó wà níhìn-ín ni yóò dájọ́ ìyẹn.

Ohun tí ó dun ọmọ wa yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ fún wa nígbà tí ó dé, ni pé orí àwọn òkè wọ̀nyẹn ṣófo. Kò sí ìlú níbẹ̀, kò sí ààfin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ojú oórì. Síbẹ̀ ọmọ ilẹ̀ wọn mọ orúkọ wọn bí ẹni mọ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn bàbá tiwa gbé orí òkè, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì sin òkú wọn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè òkè ilẹ̀ wa lónìí, Olúmọ ni yóò dárúkọ, yóò sì dákẹ́.

Báyìí ni àwa márùn-ún ṣe pinnu. Àgbà inú wa jẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìntì. Òun ni ó yan òkè méje náà, kì í sì í ṣe gíga nìkan ni ó fi yàn wọ́n, bí kò ṣe pé kí òkè náà jẹ́ èyí tí ó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ogun, tàbí èyí tí wọ́n ń bọ. Òun náà ni ó ra ìwé kan tí ó ní èèpo dúdú, tí ó ní nínú rẹ̀ ni a ó máa kọ orúkọ gbogbo àpáta, ihò àti ojú omi tí àwọn onílé bá fi hàn wá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwa tí ó kù rò pé eré ni àmì ohùn náà.

Olúmọ ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó rọrùn. Gbogbo yín ni ó mọ bí àwọn Ẹ̀gbá ti sá wá sí abẹ́ òkúta náà ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ olórí wọn. Kò ga púpọ̀. 137 mítà ni a ń kọ pé ó fi ga ju ìpele òkun lọ, wọ́n sì ti ṣe àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbéniga síbẹ̀. A kọ ẹ̀rọ náà, a fi ẹsẹ̀ gùn ún, a sì ń yin ara wa títí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fi sáré kọjá lára wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a lọ sí Àsábàrí ní Ṣakí, àti Òkè Ìyámàpó ní Ìgbẹ́tì, níbi tí orúkọ òrìṣà àwọn amọ̀kòkò wà lára òkè fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣe wá lálejò dáradára, kò sí ìjàǹbá kan, nítorí náà a kò ní fi wọ́n gba àkókò yín.

Òkè-Ìhò ni ó kọ́kọ́ mú wa dákẹ́. Nígbà ogun, àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ìletò kó jọ sórí òkè yìí, wọ́n sì di ìlú kan. Ní 1916, àwọn ará Ìṣẹ́yìn àti Òkè-Ìhò dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba ṣẹ́gun wọn, wọ́n mú kí ìlú náà kúrò lórí òkè lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní 1917. Lójú tiwa, ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí ó wà lórí òkè ń rí ẹni tí ń bọ̀. A rìn láàrin ahoro náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Koríko ti bo ìpìlẹ̀ ilé, àfọ́kù ìkòkò wà nílẹ̀ káàkiri, igi sì ti hù láàrin ohun tí ó ti jẹ́ àgbàlá ẹnìkan rí. Àgbà wa tẹ̀ba, ó mú àfọ́kù kan, ó wò ó, ó sì dá a padà sí ibi tí ó ti mú un gan-an. Kò sọ nǹkankan títí a fi dé ìsàlẹ̀.

Ní Àdó-Àwáyè, nítòsí Ìṣẹ́yìn, ohun ìyanu ni a rí. Ẹ gùn ún títí èémí yín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin, ẹ ó dé orí àpáta pípá, lórí àpáta náà sì ni adágún omi wà, Ìyàkẹ ni wọ́n ń pè é. Omi, lórí òkúta, lókè! Onírúurú ènìyàn ni a bá níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà kan nínú aṣọ funfun ń gbàdúrà ní apá kan. Ní apá kejì, àwọn tí ó mọ ẹ̀tọ́ omi náà ń sọ fún wa ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe àkíyèsí ohun tí ó wá di ẹjọ́ wa nígbẹ̀yìn: ní ilẹ̀ yìí, òkè kì í ṣe ohun tí ó dá wà. Ó ní ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá jẹ́ ti Munro, tí ènìyàn bá ti ní ẹsẹ̀ àti bàtà, ó ti tó. Níhìn-ín, ènìyàn ní láti kanlẹ̀kùn.

Ó wá ku Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, àti Orósùn ní Ìdànrè.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, òjò dá wa padà. Ní ìgbà kejì, a lọ kí àwọn tí ó yẹ kí a kí, a mú obì dání, wọ́n sì fún wa ní bàbá kan láti mú wa gòkè. Àpáta náà tóbi kọjá sísọ. Òun ni ó ń ṣọ́ ìlú náà, òun àti Òròlé èkejì rẹ̀, òun ni wọ́n sì ń ṣe ọdún fún lọ́dọọdún. A gùn ún pẹ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀, bàbá náà dúró, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan òkúta, ó ní, “Ibí ni ẹsẹ̀ àlejò mọ ní àkókò yìí.” Kò bínú, kò sì ṣàlàyé. Èyí tí ó kéré jù nínú wa wo òkè, ó ní ohun tí ó kù kò tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, pé kí bàbá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun yóò sáré lọ, òun yóò sì sáré bọ̀ kí ó tó yíjú padà. Kí a má purọ́, ó wu ju ẹnì kan lọ nínú wa. Ọdún mẹ́wàá ni a ti fi ń bọ̀! Àgbà wa ni ó dá a lóhùn. Ó ní, “Òkè wọn ni a wá gùn, a kò wá jí i.” Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà, irú ìdọ̀bálẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ mọ́ nígbà náà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Èyí ni òkè tí wọ́n ní a kò gùn. Ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kàn wá tilẹ̀ mú àpẹẹrẹ Àlùfáà Robertson wá, ó sì mọ ohun tí ó ń sọ. Àwọn tí ó yẹ ìwé àkọsílẹ̀ àlùfáà náà wò lẹ́yìn ikú rẹ̀ rí i pé ó padà lẹ́yìn lórí Ben Wyvis nítorí òjò, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ó tún lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń jiyàn bóyá òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní tòótọ́. A gbà pé ẹjọ́ náà jọ tiwa. Ṣùgbọ́n òjò kì í ṣe onílé. Ẹni tí òjò dá padà lè padà wá nígbà tí ó bá dá. Ẹni tí onílé sọ fún pé “ó tó” ti dé òpin ọ̀nà rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọmọ tí a kọ́. Ṣé ẹni tí ọba gbà lálejò nínú àgbàlá lè sọ pé òun kò dé ààfin nítorí pé òun kò wọ yàrá?

Ìdànrè ni ó kẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé òkúta ibẹ̀ ti wà fún nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti dì, kí òjò tó wẹ iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ lọ. Ní 2007 ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè síwájú Àjọ UNESCO láàrin àwọn ibi tí ó fẹ́ kí a kà sí ogún gbogbo ayé. Àtẹ̀gùn tí ó lọ sókè, wọ́n máa ń sọ pé ó jẹ́ 667. Méjì nínú wa kà á, iye wọn kò bá ara wọn mu, kò sì bá 667 mu. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ní ẹ̀kẹta ni àgbà wa jókòó, tí kò sì dìde mọ́. Orúnkún rẹ̀ ti wú. A ní kí a gbé e. Ó ní a kì í gbé òkú lọ sókè kí ó tó kú. A ní kí gbogbo wa padà. Ó wò wá bí ẹni tí a bú, ó na ìwé dúdú náà sí wa, ó ní, “Ẹ lọ bá mi kọ orúkọ wọn wá.”

A lọ. Ìlú odidi ni ó wà lókè níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Ààfin àtijọ́ ṣì wà pẹ̀lú àwọn ère ara òpó rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ àtijọ́ wà. Ojú oórì wà. A rí Ẹsẹ̀ Àgbóògùn lára òkúta, èyí tí wọ́n ní ó máa ń gba ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn àfi àjẹ́. Ó gba ẹsẹ̀ wa, inú wa sì dùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó mú wa rìn, orí òkè náà ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Bí ó ti ń dárúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan ni a ń kọ ọ́, kì í sì í kúrò ní ojú kan kí a tó pe orúkọ náà fún un padà. Nígbà tí a ti tọrọ ọ̀nà tí a sì ti gbà á, a gun Orósùn, òkè tí wọ́n máa ń kọ pé ó tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè ìpele òkun. Ìkùukùu wà lábẹ́ wa. A wà lórí òkè tí ó kẹ́yìn, àwa mẹ́rin dípò márùn-ún, kò sì sí ẹni tí ó fẹnu ko òkúta.

Nígbà tí a sọ̀ padà dé ibi ìsinmi kẹta, a ka àwọn orúkọ náà sí àgbà wa létí. Ó dá wa dúró lórí ọ̀kan, ó ní ohùn tí a fi pè é kò lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tí ó mú wa rìn rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá tọ̀nà, àwa ni a gbọ́ ọ òdì. A tún àmì rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà ni àgbà gba kálàmù, ó ṣí ìwé sẹ́yìn dé ojú ewé Olósùnta, ibi tí a ti fi àyè sílẹ̀ nítorí àríyànjiyàn wa, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “A dé ibi tí wọ́n ní kí a dé.” Nígbà tí ó dé ojú ewé Ìdànrè, lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ohun kan náà ni ó kọ.

Ìwé náà nìyí lórí tábìlì. A fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ Akọ̀wé láti òní lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú ìlú méje náà, tí ó sì rí orúkọ tí a kọ òdì, a bẹ̀ ẹ́ kí ó wá tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Àyè wà ní etí ojú ewé.