Kí A Tó Kun Ọkọ̀ Náà L'ọ́dà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Ẹ ní kí àwa ìgbìmọ̀ wá sọ ibi tí iṣẹ́ dé lára ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá tí olóògbé ọ̀gá ilé-ìwé wa fi sílẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ta ẹgbẹ́ l'ọ́rẹ. Àwọn tó ń lu páànù ti ṣe tiwọn, wẹ́dà ti ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ tí a ó kùn ún ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè. Èsì wa ni pé kò tíì yá. A mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé a ń fi owó ẹgbẹ́ ṣeré, nítorí náà ni a ṣe fẹ́ la ìdí rẹ̀ yé yín.

Ìjàpá kì í ṣe àjèjì sí wa. L'ọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Nígbà tí wọ́n fi ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò l'ọ́dún 2003, iye tí wọ́n ti ṣe l'áyé lé ní mílíọ̀nù 21. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣòro tún ṣe. Omi ni ọ̀tá rẹ̀.

Ara ọkọ̀ kì í ṣe páànù kan ṣoṣo. Etí ọ̀kan ni a gbé lé etí èkejì, tí a fi iná jó wọn mọ́ra l'ójú kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí aránṣọ bá fi abẹ́rẹ́ gán aṣọ l'ójú jínjìn-jínjìn. Àárín ojú kan sí èkejì kò lẹ̀ mọ́ra. Bí omi bá kan ibẹ̀, páànù méjèèjì yóò fà á wọlé bí òwú àtùpà ti í fa epo. Ọ̀dà kò lè dé ibẹ̀. Inú ni ìpáàrà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ nígbà tí ìta ṣì ń dán. Kí ọ̀dà tó wú, páànù ti tán n'ísàlẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ń fi àtè kan, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní síílà, dí ojú ìsopọ̀ kí á tó kun ọkọ̀. Bí ó bá gbẹ, ó ń rọ̀ bí rọ́bà. Kòtò ojú ọ̀nà kì í mú un sán. Ẹnì kan ní kí a fi pọ́tì dí i. Pọ́tì le, yóò sán, a sì máa fa omi mu. Ti sílíkóònì tí a fi ń dí etí fèrèsé tilẹ̀ burú jù, nítorí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn.

A ó ha síílà àtijọ́ kúrò, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin bó ìpáàrà títí ojú irin yóò fi mọ́, a ó sì fi tínà nù ún. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy. Orí rẹ̀ ni a ó fi síílà sí, kì í ṣe orí irin lásán. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ wọnú dáadáa, a ó sì dúró iye wákàtí tí a kọ sára túùbù rẹ̀.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn l'ápá ọ̀tún, níbi tí bátìrì ìjàpá ń gbé, ni ó ń kọ wá l'óminú jù. Ásíìdì ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lu. Páànù tuntun ni a fi sí i, ojú ìsopọ̀ sì yí i ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò gbọọrọ méjì tó wà n'ísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, èyí tí ooru ẹ̀rọ ń gbà wọ inú ọkọ̀ (ohun tí kò wúlò fún wa níhìn-ín bí kò ṣe l'áàárọ̀ ọyẹ́). Ṣùgbọ́n a kò ní dí àwọn ihò kéékèèké ìdí ilẹ̀kùn: ọ̀nà àbájáde omi ni wọ́n. A kò sì ní fi síílà lẹ ìbòrí táyà mọ́ ara ọkọ̀, nítorí bóòtù ni a fi dè é, rọ́bà tirẹ̀ sì wà l'áàárín wọn.

A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á sún ọjọ́ ọ̀dà síwájú títí iṣẹ́ yìí yóò fi parí. Ọkọ̀ náà wà l'ẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí ó tàn án sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀: yóò rí ìmọ́lẹ̀ náà l'áàárín páànù.