Ibi Tí Ọmọ Ń Da Pàǹtí Sí

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ ni bí a ó ti kọ́ àwọn ọmọ wa láti tọ́jú àdúgbò. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí júbílì rárá. Ní orí 25 Ìwé Léfítíkù, Ọlọ́run kò fi ọdún júbílì mọ sí orí àjọyọ̀. Ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù padà sórí ogún rẹ̀, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì sinmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì pẹ̀lú, ríro ọgbà àti títọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún ènìyàn. Ẹni tí a fi ṣọ́ ọgbà kì í ṣe ẹni tí ó ni ín.

Nígbà náà, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ta ni í gbálẹ̀ nínú ilé? Ta ni í ru pàǹtí lọ dànù? Ọmọdé ni. Kí oòrùn tó yọ, ọmọ ti gbá àgbàlá, ó ti gbé agbọ̀n sórí. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá rán ọmọ pé kí ó da pàǹtí sínú kòtò àgbàrá, tàbí sẹ́yìn ilé aládùúgbò, tàbí sétí ọ̀sà, ohun tí yóò kọ́ ni pé ìmọ́tótó kò ju kí ẹ̀gbin kúrò níwájú ilé tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú kò lè tètè pa ẹ̀kọ́ àràárọ̀ yìí rẹ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Láyé àwọn baba wa, àkìtàn kì í ṣe ọ̀tá. Ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé ni a fi ń di obì. Eèpo iṣu, eérú àti ewé a jẹrà, ilẹ̀ a sì lọ́ràá. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Òjò a wọ́ ọ lọ sínú kòtò àgbàrá, a dí i, omi a sì ya wọ ilé. Ewúrẹ́ a gbé e mì, a sì dí i nínú. Bí a bá dáná sun ún, èéfín rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ọmọ tí ó dúró ti iná náà ni yóò sì kọ́kọ́ fà á símú. Òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ṣíṣe é, kíkó o wọlé, títà á àti lílò ó. Òfin ti wà. Ọwọ́ tí yóò gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà ni ó kù.

Ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín pé kí a ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Èkínní, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní agbọ̀n méjì. Kí ohun tí ń jẹrà wà nínú ọ̀kan, kí a sì máa kó o lọ sóko tàbí sínú kòtò ọgbà. Kí ọ̀rá, ike, agolo àti ìgò wà nínú èkejì. Ọmọ ọdún márùn-ún lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wá omi tí ó dúró ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹyin ẹ̀fọn a máa di ẹ̀fọn láàrin ọjọ́ 7 sí 14. Bí a bá ń da omi inú agolo, táyà àti ìkòkò fífọ́ nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ó ti pa ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn kí wọ́n tó lè fò.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ọ̀wẹ̀ tí a jogún gbá àdúgbò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn dé ọjà. Kí a pe gbogbo ará àdúgbò, nítorí kòtò àgbàrá kò mọ Àgùdà yàtọ̀ sí Ìmàle. Kí ọmọdé gbálẹ̀, kí ó ṣa ọ̀rá. Kí àgbà kó àfọ́kù ìgò àti abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Songhaï ní Àjàṣẹ́, tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ ẹgbẹ́ Dominiki, dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ìdin ń di oúnjẹ ẹja. Ọmọ tí ó bá rí èyí kò ní wo àkìtàn bákan náà mọ́. Ìjọ Mímọ́ pàápàá kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé Africae Munus, tí Pópù Benedict XVI fọwọ́ sí ní Ouidah ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ó rọ̀ wá láti bọ̀wọ̀ fún ẹ̀dá Ọlọ́run. Pópù Francis sì fi odindi ìwé kan, Laudato Si', sọ ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2015.

Ẹ̀yin ará, àwọn ọmọ tí ń ru agbọ̀n lónìí ni yóò pe ara wọn jọ ṣe júbílì tí ń bọ̀. Kí wọ́n bá ọ̀sà tí a lè pẹja nínú rẹ̀, kí wọ́n bá ilẹ̀ tí iṣu lè ta nínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run tí ó fi ọgbà lé wa lọ́wọ́ fún wa ní agbára láti ṣọ́ ọ, nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.