Géèmù Àtijọ́: Kí Ló Dé Tó Ṣì Ń Wù Wá, Kí Ló Dé Tó Sì Ń Tètè Sú Wa?

Ọ̀rọ̀ géèmù la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe géèmù ìgbàlódé olówó gọbọi. Àwọn ti àtijọ́ ni, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì díẹ̀ péré lèèyàn ń tẹ̀: géèmù ejò inú Nokia, Tetris, Pac-Man, Space Invaders. Wọ́n ti padà dé báyìí. Wọ́n wà lórí fóònù, wọ́n sì tún ń ta ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n kó irú wọn rẹpẹtẹ sínú rẹ̀. Bàbá á rà á fún ọmọ, á ní, "Wá wo géèmù gidi." Ọmọ á gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á gbé e sílẹ̀. Bàbá á wá ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù. Ṣé sùúrù ni ọmọ ò ní ni, àbí ohun tó wà nínú géèmù náà ni ò pọ̀? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ adùn rẹ̀, torí irọ́ kọ́, ó dùn. Lọ́dún 1978, ará Japan kan tó ń jẹ́ Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders. Àwọn ọ̀tá máa ń tò wá láti òkè, ìwọ á máa yìnbọn fún wọn láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà náà ò lágbára tó. Nígbà tí ọ̀tá bá pọ̀, yíyà wọn sójú ẹ̀rọ máa ń gba àkókò, wọ́n á máa rìn jẹ́jẹ́. Bí o bá ṣe ń pa wọ́n, iṣẹ́ á máa fúyẹ́ fún ẹ̀rọ, àwọn tó kù á wá máa sáré sí i. Nishikado rí i, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àìlágbára ẹ̀rọ ló di ohun tó ń mú àyà èèyàn já.

Owó tún wà níbẹ̀. Ilé géèmù ni wọ́n ń gbé àwọn ẹ̀rọ yẹn sí, owó ẹyọ lo máa jù sínú rẹ̀ kó tó gbà ọ́ láyè. Bí o bá fi owó ẹyọ kan ṣeré fún wákàtí mẹ́ta, ẹni tó ni ẹ̀rọ ò jèrè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é kó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, kó sì tètè pa ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá kú, o mọ ohun tó pa ọ́. Ejò tó bu ìrù ara rẹ̀ jẹ, ta lo fẹ́ fi sùn? Ohun tó ń mú èèyàn sọ pé "ẹ̀ẹ̀kan péré sí i" nìyẹn.

Ní tiwa ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wa ò bá a pàdé nílé géèmù. Inú fóònù la ti bá a. Taneli Armanto, òṣìṣẹ́ Nokia ní Finland, ló ṣe géèmù ejò sínú Nokia 6110 lọ́dún 1997. Nígbà tí GSM dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún 2001, Nokia 3310 wà lára fóònù tó gbòde, ejò sì wà nínú rẹ̀. Kò gba dátà, kò sí ìpolówó ọjà tó ń já lu eré, bátìrì sì ń pẹ́.

Ó dáa, níbo ló ti kù káàtó? Ẹ wo Pac-Man, tí Toru Iwatani ṣe lọ́dún 1980. Iwin mẹ́rin ló ń lé ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tó ń tẹ̀ lé. Òfin yẹn ò yí padà. Bí o bá gba ọ̀nà kan náà lánàá àti lónìí, láìfi nǹkan kan falẹ̀, ohun kan náà làwọn iwin máa ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi há ọ̀nà náà sórí, wọ́n tiẹ̀ tẹ ìwé tó ń júwe rẹ̀. Ẹni tó bá wá rìn jìnnà débi ìpele 256, kì í ṣe oríyìn ló máa bá níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò lè kà kọjá 255, ìdajì ojú rẹ̀ á kàn dàrú ni.

Tetris ńkọ́, tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow lọ́dún 1984? Kò sí bí o ṣe máa borí rẹ̀. Yóò kàn máa yára sí i ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọmọ ọdún 13 kan ní Amẹ́ríkà gbá ti Nintendo, èyí tó jáde lọ́dún 1989, títí tí géèmù náà fi dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó gbá a débẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ, kí ẹ̀rọ dákú lèrè rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé torí ó rọrùn jù ni. Mi ò gbà. Ayò ọlọ́pọ́n náà rọrùn: ihò 12, ọmọ ayò 48. Ọmọdé lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sán kan, baba àgbà sì ń ta á dọjọ́ alẹ́. Kí ni ìyàtọ̀? Èèyàn ló jókòó síwájú rẹ. Ó ń ronú, ó ń yí ọgbọ́n padà, ó tún ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn òǹwòran náà ò sì ní dákẹ́. Iwin Pac-Man ò lè ṣe ìyẹn.

Ní tèmi o, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń ṣàárò kò sí nínú ejò yẹn. Ara àwọn èèyàn tó yí fóònù kan ṣoṣo ká ló wà. Ẹ̀gbọ́n gba iye kan, àbúrò fẹ́ kọjá rẹ̀, ìyá ń pariwo pé bátìrì òun fẹ́ kú. Géèmù náà kì í bá wa jà, àwa la fi ń bá ara wa jà. Ẹ̀rọ tí ẹ rà lọ́jà ò lè kó ìyẹn padà wá.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà á fún ọmọ, ẹ rà á, àmọ́ ẹ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kó gbá a, kí ẹ̀yin náà gbá a, kí ẹ kọ iye tí kálukú gbà sílẹ̀. Bó bá sú u, ẹ má bú u, ó ti rí ibi tó parí sí ni. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ọ̀fẹ́ orí fóònù: ìpolówó ọjà ló ti gba ipò owó ẹyọ níbẹ̀, bí ọmọ bá ṣe ń tètè kú tó ni ìpolówó ń pọ̀ tó.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Iye wo lẹ gbà rí nínú géèmù ejò, ta ló sì kọjá yín? Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.