Ẹgbẹ́ Àwọn Awakùsà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé: kí ni àwọn tí ń wa ohun inú ilẹ̀ ń fi ẹgbẹ́ ṣe, ta sì ni ẹgbẹ́ wọn ń gbẹnu sọ fún?

Kò sí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ ẹgbẹ́ ọjà. Aláta ní tirẹ̀, aláṣọ ní tirẹ̀, ẹlẹ́ja ní tirẹ̀. Ní ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Èkó. Wọ́n ní obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún ni yóò san án. Alimotu Pelewura, olórí ọjà Eréko, kó àwọn obìnrin ọjà jọ, wọ́n tọ ìjọba lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le, ìjọba gbé £50 sókè sí £200. Bí ìyá kan ṣoṣo bá dá lọ, ta ni ì bá dá a lóhùn? Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọlọ́rọ̀ rí. Ní ọdún 1888 ni àwọn oníṣòwò Èkó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Lagos Chamber of Commerce. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń wa tánganran ní ẹgbẹ́ tiwọn ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí a rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ọdún 1956, tí a sì kọ́kọ́ kó o lọ tà lókè òkun ní ọdún 1958, kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ elépo náà fi ní ẹ̀ka tiwọn nínú ẹgbẹ́ oníṣòwò Èkó.

Iṣẹ́ wo ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe? Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń bá ara wọn du ọjà. Ṣùgbọ́n bí òfin tuntun bá ń bọ̀ lórí owó-orí, lórí ilẹ̀, tàbí lórí owó tí ìjọba yóò gbà lórí ohun tí a wà, ohùn kan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Wọn a ka òfin náà, wọn a ṣírò ohun tí yóò ná wọn, wọn a sì kọ̀wé sí ìjọba. Títí di ọdún 1991 tí olú-ìlú fi kó lọ sí Àbújá, Erékùṣù Èkó ló sún mọ́ etí ìjọba jù.

Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olówó kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ èédú 21 ní Iva Valley ní Enugu, lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 2010 ẹ̀wẹ̀, àwọn ará abúlé kan ní Zamfara ń lọ òkúta wúrà nínú ilé. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Awakùsà ni àwọn baba wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá.

Onílẹ̀ ńkọ́? Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó gba ìwé àṣẹ bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ta ni yóò ka ìwé àdéhùn náà bí ará ìlú kò bá ní ẹgbẹ́ tiwọn?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ẹgbẹ́ àwọn awakùsà sọ báyìí, ẹ fetí sí wọn, nítorí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè pé: ta ni ń san owó ẹgbẹ́ yìí? Ta ni kò sí nínú ìpàdé wọn? Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni kí ó lọ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, bí àwọn ìyá Eréko ti ṣe.