Àwọn Ọmọbìnrin Eléré Ìdárayá ní Àkókò Ọlidé

  Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ ní alẹ́ yìí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Bí ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá gba ife-ẹ̀yẹ, gbogbo wa ni a máa ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá sì fìdí rẹmi, gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti gba ọlidé títí di ọjọ́ tí yóò tún wọlé, ta ni ó ń bèèrè ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe? Èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ eré ìdárayá kò bèèrè fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí mo sì bèèrè, ìdáhùn tí mo rí gbà kò dùn mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré kan tí kò wọ́pọ̀ ní àárín wa ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Sọ́fítíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ti ṣe ráúńdà rí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò tètè lóye rẹ̀: ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì yóò fi igi gbá a, yóò sì sáré yí àmì mẹ́rin ká kí àwọn tí ó wà ní pápá tó dá bọ́ọ̀lù padà. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 1887. Òtútù ti mú, kò sí ẹni tí ó lè ṣe bésíbọ́ọ̀lù ní ìta mọ́. Àwọn ọkùnrin kan kóra jọ sínú ilé ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀, wọ́n ń retí àbájáde ìdíje bọ́ọ̀lù kan láàárín Yunifásítì Harvard àti Yale. Nínú àwàdà, ọ̀kan nínú wọn ju ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń ja ẹ̀ṣẹ́, ẹlòmíràn sì fi igi gbá a. Ọ̀gbẹ́ni George Hancock tí ó wà níbẹ̀ mú okùn, ó di ìbọ̀wọ́ náà rọ́gọ́dọ́ bí bọ́ọ̀lù, ó fa ìlà sílẹ̀ nínú yàrá, ni eré bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: àsìkò tí pápá ti dákẹ́ ni ó bí eré náà. Lẹ́yìn náà ni ó jáde sí ìta, tí àwọn obìnrin sì gbà á mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é nínú Ìdíje Òlíńpíìkì láti ọdún 1996 títí di 2008, àti ní Tokyo ní 2021.

Lónìí, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké tí wọ́n ní ẹgbẹ́ obìnrin fún eré yìí pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ìsọ̀rí kẹta àjọ tí ń ṣe àkóso eré wọn, òfin kò gbà kí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀bùn owó-ẹ̀kọ́ nítorí pé ó mọ eré ṣe. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni ìdíje wọn ń wáyé. Nínú oṣù tí ó kù, ìgbà díẹ̀ ni olùkọ́ wọn láṣẹ láti pè wọ́n jọ. Ìyókù di ti àwọn ọmọ náà fúnra wọn. Wọn a máa ṣiṣẹ́ owó, wọn a máa kàwé, wọn a máa sáré, wọn a máa gbé irin, bí yìnyín bá sì bo ilẹ̀, wọn a máa ju bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn. N kò sọ pé wọ́n sàn jù wá lọ o. Kí òfin ọdún 1972 tó jáde, èyí tí ó ka yíya obìnrin sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gba owó ìjọba àpapọ̀, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ni kò ka eré obìnrin sí rárá. Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni pé wọ́n ka oṣù tí kò sí ìdíje mọ́ eré náà. Àwa kò kà á.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ilé. Ìlúà ni mo fẹ́ mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kájọlà, ní Òkè-Ògùn. Mo yàn án nítorí pé mo ti kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀, mo sì mọ ọ̀nà ilé wọn. Ọmọbìnrin kan tí ó ń ṣe háńdíbọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ gba ọlidé gígùn ní àárín òjò. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òkèhò, ó gun ọ̀kadà wọ Ìlúà, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó ti wà ní ìdí omi. Láti ibẹ̀, oko ni. Bàrà tí wọ́n là kalẹ̀ ti jẹrà, ó tó kó. Wọn yóò yọ ẹ̀gúsí inú rẹ̀, wọn yóò gbé e lọ sí odò láti fọ̀, wọn yóò sì sá a kí òjò tó tún dé. Èso tí a fi ń ṣe òrí ń jábọ́ nínú igbó, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń ṣà á. Àgbàdo wà láti ká. Nígbà tí wọ́n bá dé láti oko, ẹnì kan ní láti dáná, ẹnì kan ní láti gúnyán, ẹ sì mọ ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé irú iṣẹ́ báyìí tó eré ìdárayá. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Òtítọ́ wà níbẹ̀ dé ààyè kan: ẹni tí ó ń gúnyán, tí ó sì ń ru omi, kò lè ṣe aláìní agbára ní èjìká àti ní ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru omi kì í sáré. Ẹni tí ó ń ṣa èso kì í fò sókè kí ó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, kí ó sì yí padà lójú kan náà. Ojú tí ó ti mọ́ra láti máa tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kò ní rí bọ́ọ̀lù kankan fún oṣù méjì. Èémí ni ó sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn onímọ̀ nípa ara ènìyàn ti fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí eléré bá ti jáwọ́ ni yóò ti máa tètè mí hẹlẹ.

Ẹ̀bi kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí n kò ní dárúkọ, a wọlé láti ọlidé nígbà tí ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Ní ọjọ́ kejì ni mo ti fọn fèrè. Mo ní kí àwọn ọmọ náà sáré yí pápá ká ní ìgbà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa fò kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù. Mo rò pé ìyà ni a fi ń san gbèsè ọlidé. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù jù jù lọ nínú wọn, ọmọ Ìlúà, fò sókè, ó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ òsì, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀ sínú. Gbogbo wa ni a gbọ́ bí ó ti dún, bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Kò ṣe eré mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó di olùkọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ó máa ń di ògiri mú. Kò dá mi lẹ́bi rí, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n lè gbàgbé.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé nínú eré tí a ti ń fò, tí a sì ń yí padà lójijì, iṣan inú orúnkún obìnrin máa ń já ju ti ọkùnrin lọ ní ìlọ́po bíi mélòó kan. Wọ́n sì ti rí i pé ẹ̀kọ́ fífò àti bíbalẹ̀ máa ń dín ewu náà kù púpọ̀. Kò gba owó. Kí ọmọ náà fò, kí ó balẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ológbò, kí ó tẹ orúnkún méjèèjì díẹ̀, kí orúnkún dojú kọ ọmọ-ìka ẹsẹ̀, kí wọn má ṣe kọlu ara wọn. Ìdajì wákàtí, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ti tó, pẹ̀lú sísáré díẹ̀ ní ọ̀nà oko àti jíju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. (Kí ó má ṣe jẹ́ ògiri yàrá tí bàbá ń sùn sí.) Àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń ní ẹ̀yìnkùlé: wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò, wọ́n ń balẹ̀, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì rò pé òun ti dàgbà kọjá rẹ̀. Kí ó lọ bá wọn ṣe é.

Ọ̀gá mi tí ó jókòó ní apá ọ̀tún mi ti bi mí kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ pé, “Ṣé ìdajì wákàtí yìí ni ó wá di ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n?” Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá mi. Lẹ́yìn ọ̀ràn orúnkún yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé àwọn òbí. Ní Ìlúà, mo bá ìyá ọmọ mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà ní ìdí ẹ̀gúsí tí ó ń sá. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Ó gbọ́ mi tán, ó ní:

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ti mú ọmọ wa fún oṣù mẹ́sàn-án. Ṣé oṣù mẹ́ta tí ó kù náà kò ní jẹ́ tèmi?”

N kò rí èsì fọ̀. Obìnrin yìí kò kórìíra eré. Ẹ̀gúsí ni ó wà nílẹ̀, òjò sì ń ṣú. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọkùnrin, tí òun náà wá fún ọlidé láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, jáde láti inú ilé pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù ní ọrùn. Ó kí wa, ó sì gba ọ̀nà pápá lọ. Mo bi ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, ṣé ojoojúmọ́ ni ó ń lọ?” Ó ní, “Ojoojúmọ́ ni. Ọkùnrin ni, kí ni kí n fi í ṣe ní ilé?” Ó dákẹ́. Ó wo ọ̀nà tí ọmọ náà gbà lọ, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, mo rí ohun tí ẹ ń wò.”

Ẹ̀yin olùwòran, ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn ọmọkùnrin wa kò pàdánù nǹkan kan nínú ọlidé, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ jẹ́ tiwọn. Kò sí ẹni tí ó kọ ètò kankan fún wọn. Pápá ilé-ìwé ṣí sílẹ̀, wọ́n sì lọ. Ọmọbìnrin kò ní ìrọ̀lẹ́. A wá ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ pápá ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, a ń sọ pé àwọn obìnrin ń ṣe ọ̀lẹ.

Àdéhùn tí èmi àti ìyá náà ṣe rọrùn. Ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni yóò pọn omi ìrọ̀lẹ́ kí ó tó lọ sí pápá. Bàbá wọn, tí í ṣe Mùsùlùmí tí kì í fi ẹ̀sìn ṣeré, bi mí nípa aṣọ. Mo sọ fún un pé ṣòkòtò gígùn àti ìborí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, àti pé ní ti ìdíje pàápàá, àjọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àgbáyé ti fọwọ́ sí ìborí ní ọdún 2014, ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 2017. Ó ní kí n tún ọdún náà sọ, ó sì mi orí.

Ní ti àwọn tí ó ń sọ pé eré ìdárayá kò yẹ obìnrin, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Modupe Oshikoya gba wúrà nínú fífò jìnnà ní Christchurch ní ọdún 1974, Chioma Ajunwa sì gba wúrà Òlíńpíìkì nínú eré kan náà ní Atlanta ní 1996. Kí wọ́n lọ bá àwọn yẹn jiyàn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ipa tirẹ̀. Ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá sí àwọn òbí, tí ó sọ ohun tí ọmọ yóò máa ṣe àti bí yóò ti pẹ́ tó, kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ fún olùkọ́. Kí àwọn ọmọ tí ilé wọn kò jìnnà síra gba bọ́ọ̀lù kan lọ sílé. Bọ́ọ̀lù tí ó gbó sàn ju èyí tí a tì mọ́ inú yàrá tí eku ń jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé, kí olùkọ́ fi fèrè sínú àpò, kí ó kọ́kọ́ wo bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń balẹ̀.

Ní ìparí ọlidé yẹn, ọmọ Ìlúà náà dá bọ́ọ̀lù padà fún mi. Ẹ̀gún ti gún un ní ibi méjì, wọ́n sì ti fi sólúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni ó lẹ̀ ẹ́, àti pé ìyá òun ní kí òun bèèrè bóyá a lè fún wọn ní méjì ní ọlidé tí ń bọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ilé kejì náà ti ń wá.

 Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn yòókù.